Nọ́ńbà Tí Wosilat Kọ fún Bẹ̀llò

Kò sí ilé tí wọn kì í ṣílẹ̀kùn fún Wosilat ní Èsìẹ́. Ó ti kọ́ ọmọ ìlú ní ìwé fún ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n kó tó fẹ̀yìntì. Nítorí náà, nígbà tí àwọn olùwádìí láti yunifásítì kan ń wá ẹni tí yóò bá wọn wọ ojúlé dé ojúlé, òun ni wọ́n júwe. Wọ́n fẹ́ mọ ohun tó ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru láàárín ìlú: ta ló ń jẹyọ̀ jù, ta ló ń mu sìgá, ta ni bàbá rẹ̀ kú ikú òjijì.

Hafeezat, ọ̀dọ́mọbìnrin tó jẹ́ ọ̀gá wọn, kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń de ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ apá.

“Màmá, ẹ̀ẹ̀mejì ni kí ẹ wọ̀n ọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú díwọ̀n o.”

Bẹ́ẹ̀ náà ni Wosilat ṣe é nínú ilé tó lé ní ọgọ́ta. Ó wá ku Bẹ̀llò, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin.

“Wosi, ṣé mo jọ aláìsàn lójú ẹ ni? Èmi tí mo kọ ọgọ́rùn-ún ebè láàárọ̀ yìí?”

“Bọ̀dá mi, kò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ.”

“Ó di ìgbà tí mo bá dé.” Ó gun ọ̀kadà lọ sóko.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni Wosilat padà lọ, kò bá a nílé. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gba fọ́ọ̀mù tó ń kọ nọ́ńbà oníkálukú sí lọ́wọ́ rẹ̀, ó rò ó pé ibà lásán kò dá ọkùnrin yìí dùbúlẹ̀ rí. Ló bá kọ ọgọ́fà lórí ọgọ́rin sórí ti Bẹ̀llò, iye ẹni tí ara rẹ̀ le. Nígbà tí Kúbúrá, ìyàwó Bẹ̀llò, sì bi í pé kí ni ẹ̀rọ sọ, ó ní, “Kò sí nǹkan kan.”

Àwọn tí tiwọn ga ni àwọn olùwádìí ń pè, tí wọ́n ń fún lóògùn, tí wọ́n ń bẹ̀ wò lóṣooṣù. Kò sẹ́ni tó pe Bẹ̀llò.

Oṣù keje lẹ́yìn náà, ó ṣubú lulẹ̀ nídìí iṣu tó ń wà. Apá ọ̀tún kú, ẹnu wọ́. Nílé ìwòsàn ní Òmù-Àrán, dókítà wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀: ó lé ní igba.

“Èyí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ṣé ẹnikẹ́ni ò wọ̀n ọ́n fún wọn rí ni?”

“Wọ́n wọ̀n ọ́n,” ni Kúbúrá dáhùn. “Àbúrò wọn yìí ló wọ̀n ọ́n. Ó ní kò sí nǹkan kan.”

Bẹ̀llò gbójú sókè látorí bẹ́ẹ̀dì, ó wo Wosilat. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ kò jáde.

Ọjọ́ kẹta ni Wosilat tó jẹ́wọ́ fún Hafeezat. Ìyẹn yọ fọ́ọ̀mù Bẹ̀llò kúrò nínú ìwádìí. Lẹ́yìn náà ni Wosilat lọ jẹ́wọ́ fún Kúbúrá. Kúbúrá kò bú u.

“Ká ní o sọ fún mi pé wọn ò gbà ni, Wosi. Èmi ni ì bá bẹ̀ wọ́n. Wọ́n máa ń gbọ́ tèmi.”

Gbólóhùn yẹn ni kò jẹ́ kí Wosilat sinmi. Ó ti ń lọ sí ọdún kan báyìí. Bẹ̀llò ti ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ dé iwájú ilé, ó sì ti ń pe orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Wosilat ń lọ kí i. Ṣùgbọ́n kò tíì bi í bóyá ó ti dárí ji òun.