L Pupa Níwájú, L Pupa Lẹ́yìn

Mo rántí ìgbà tí wọ́n so lẹ́tà pupa kan mọ́ mi níwájú, tí wọ́n sì so irú rẹ̀ mọ́ mi lẹ́yìn, bí ẹni so aago mọ́ màlúù lọ́rùn, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé n kò tíì mọ nǹkan kan. Ká sọ òótọ́, kì í ṣe èmi gan-an ni wọ́n so ó mọ́, mọ́tò bàbá mi ni. Ṣùgbọ́n èmi ni mo jókòó sínú rẹ̀, ojú mi sì ni gbogbo Ìkìrun ń wò. L ni lẹ́tà náà. Àwọn òyìnbó ló ní kí akọ́ṣẹ́ awakọ̀ máa gbé e kiri, nítorí pé òun ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lédè wọn. Mo ti gba oyè kejì ní yunifásítì nígbà náà. Mo ti bá àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n jiyàn títí wọ́n fi bọ́ awò ojú wọn, mo sì máa ń kọ̀wé sí àwọn ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn léraléra láti bá wọn tún èrò wọn ṣe. Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wá fi lẹ́tà kan ṣoṣo ṣe àpèjúwe rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń bí mi nínú. Nínú álífábẹ́ẹ̀tì tiwa, L mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé, ó ń ṣiṣẹ́ nínú ọlà, ó ń ṣiṣẹ́ nínú ìlú. Bí ó bá ti dún tán, ó parí, kò sí ẹni tó tún ń bi í ní nǹkan mìíràn. L ti Gẹ̀ẹ́sì kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ọrùn aṣọ ni ẹ ó ti bá a, níbi tó ti ń kéde fún aráyé pé ẹni tó wọ̀ ọ́ tóbi. Ní ilé epo, ó di lítà. Lára ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ń tì bọ etí láti gbọ́ orin, òun ni etí òsì. Nínú ìwé tí wọ́n fi òǹkà Róòmù kọ, ó di àádọ́ta lójijì láìṣe iṣẹ́ kankan. Nínú ọ̀rọ̀ bíi walk àti talk, ó kàn jókòó sí àárín ni, kò dún, kò mì, gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ ìjọba tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé owó oṣù ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni kò rí lẹ́nu iṣẹ́ rí. Àwọn ọmọ ìwòyí tilẹ̀ ti sọ ọ́ di àmì òfò: bí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù rẹ bá fìdí rẹmi, wọn á ní o gba L. Lẹ́tà tí kò ní ìwà kan pàtó, tó ń jẹun kiri ilé gbogbo, òun náà ni wọ́n ní kó wá jẹ́rìí sí ìmọ̀ mi!

Ohun tó gbé mi dé ibẹ̀ kò ṣòroó ṣàlàyé. Bàbá mi kú, wọ́n sì fi mọ́tò kan sílẹ̀, mọ́tò aláwọ̀ ewé kan tó ti dàgbà, irú èyí tí èèyàn gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ òsì tẹ kílọ́ọ̀ṣì kó tó lè yí gíà. Mọ́tò yẹn ló gbé mi lọ sí yunifásítì ní ọjọ́ àkọ́kọ́, òun ló sì gbé mi wálé ní ọjọ́ tí mo parí. Bàbá mi kò gbà kí ẹlòmíràn gbé mi. Àbúrò mi ọkùnrin, tó ń gbé ní Àbújá tó sì ní mọ́tò tirẹ̀, ní kí a tà á. Mo ní kò sí ohun tó jọ ọ́. Ẹjọ́ dé iwájú ẹ̀gbọ́n bàbá mi, olórí ẹbí wa ní Òkukù, àgbàlagbà tí ọ̀rọ̀ wọn kì í gùn, tí wọn kì í sì í sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní mọ́tò kì í ṣe àga tí a ń gbé sí yàrá fi ṣe ọ̀ṣọ́. Wọ́n ní bí èmi tí mo fẹ́ ẹ bá lè fọwọ́ ara mi wà á láti Ìkìrun wá sí Òkukù ní ọjọ́ ìpàdé ẹbí, kí n máa mú un lọ. Bí n kò bá lè wà á, oníbàárà ti wà nílẹ̀. Àbúrò mi pè mí lórí fóònù ní ọjọ́ kejì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú," ó ní. "L tí ẹ so mọ́ mọ́tò yẹn, òun náà lẹ máa gbà ní Òkukù."

Mo dá a lóhùn fún àkókò tó gùn díẹ̀. Fóònù rẹ̀ ti kú kí n tó dé kókó kejì.

Ọ̀gá tó ń kọ́ mi ti fi ìgbà èwe wọn wa bọ́ọ̀sì láti Ìkìrun sí Òṣogbo, wọ́n sì ti fẹ̀yìn tì. Ọ̀mọ̀wé ni wọ́n ń pè mí, n kò sì mọ̀ bóyá oyè ni tàbí èébú. Kí n tó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ ni mo ti ka ìwé ìwakọ̀ tán. Mo lè dúró níwájú kíláàsì kí n ṣàlàyé iṣẹ́ kílọ́ọ̀ṣì láti òwúrọ̀ di ọ̀sán. Kílọ́ọ̀ṣì fúnra rẹ̀ ni kò tíì gbọ́ nípa mi.

Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni wàhálà ibẹ̀. Ní ìlú àwọn tó dá a sílẹ̀, ohun tí L ń sọ ni pé: ẹ jìnnà sí ẹni yìí. Ní Ìkìrun, ohun tó ń sọ ni pé: ẹ wá kí ẹni yìí. Kò sí ohun tí ọmọ Yorùbá ń ṣe tí kò ní ìkíni tirẹ̀, ẹni tó bá sì kọjá lára oníṣẹ́ láìkí i, wọn kò kọ́ ọ nílé ni. Ohun tó máa ń ká wọn lọ́wọ́ kò ni pé ojú lásán kò lè mọ ohun tí ẹni tó wà nínú mọ́tò ń bá lọ, bóyá ibi òkú ló ń lọ ni, bóyá ibi ìsọmọlórúkọ ni. L wá tú àṣírí fún wọn. Bí wọ́n bá ti rí i báyìí, ìkíni tó kàn ti délẹ̀. "Ẹ kú ìkọ́ṣẹ́ o!" "Ọlọ́run á jẹ́ kó yé yín o!" "Ẹ ò ní fi gbá èèyàn o!" Àwọn bàbá tó ń bọ̀ láti mọ́ṣáláṣí á dúró, wọn á gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Ọlọ́kadà á dẹ ìrìn kó lè ráyè ṣàdúrà.

Wàyí o, bí àgbà bá kí ọmọbìnrin tí wọ́n kọ́ dáadáa, kí ló ń ṣe? Orúnkún rẹ̀ á tẹ̀. Kò ní í rò ó tẹ́lẹ̀. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, ìyá mi sì ti bá orúnkún mi ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí mo ti ń fà á nílẹ̀. Bí àgbà bá ti la ẹnu, orúnkún mi á tẹ̀, ẹsẹ̀ òsì mi á yọ́ sẹ́yìn láti kúnlẹ̀, kílọ́ọ̀ṣì á bọ́, mọ́tò á fò sókè bí ọ̀pọ̀lọ́, ẹ́ńjìnnì á kú.

"Ọ̀mọ̀wé, kí lò ń ṣe?"

"Mò ń kí wọn ni, sà."

"Orúnkún lo fi ń kí wọn?"

"Kí lẹ wá fẹ́ kí n fi kí wọn, sà?"

"Ẹnu! Ẹnu kan náà tó o fi ń bá mi jiyàn láti àárọ̀! Má kúnlẹ̀ nínú mọ́tò mọ́!"

Mo gbìyànjú. Ṣùgbọ́n èyí tó burú jù kò tíì dé. Ìyá kan wà tí wọ́n ń ṣáájú àdúrà ní ìjọ Aládùúrà àdúgbò wa. Wọ́n rí L lọ́jọ́ kan, wọ́n dá wa dúró nínú aṣọ funfun wọn, wọ́n ti orí bọ ojú fèrèsé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lu agogo. Mo ti tẹ kílọ́ọ̀ṣì, mo ti fi sí gíà, mo ń dúró kí wọ́n parí. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, o ò ní kú sójú ọ̀nà." Mo ní àmín, orúnkún mi tẹ̀, mọ́tò fò síwájú. Mo tún tan ẹ́ńjìnnì. Wọ́n ní, "Wàá borí ọ̀tá." Àmín. Mọ́tò tún fò.

"Ẹ̀ ń rí i?" ìyá kígbe, wọ́n ń sáré tẹ̀lé fèrèsé. "Ẹ̀mí ti gun mọ́tò!"

Ọ̀gá mi fọwọ́ bo ojú ara wọn.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni mo gbé ẹjọ́ mi kalẹ̀ níwájú ọ̀gá mi pé kí a yọ L náà. Òfin ni wọ́n kọ́kọ́ fi dá mi lóhùn, mo sì tú òfin náà palẹ̀. Wọ́n wá ní, "Tí a bá yọ ọ́, wọn ò ní kí ẹ mọ́ lóòótọ́. Èébú ni wọ́n máa bú ẹ." N kò gbà. A yọ ọ́, a sì jáde. Kò pẹ́ tí awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan fi yọ orí síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa: "Màdáàmù, ṣé ẹ̀ ń wakọ̀ ni àbí òkú lẹ̀ ń gbé lọ sin?" Mo pa ẹ́ńjìnnì sí àárín títì, mo sọ̀ kalẹ̀, mo sì ṣàlàyé fún un ní sísẹ̀-ń-tẹ̀lé ìdí mẹ́ta tí ìbéèrè rẹ̀ kò fi bọ́gbọ́n mu. Mọ́tò tó wà lẹ́yìn wa ti to dé ọjà kí n tó dé ìdí kejì. Ọ̀gá mi fúnra wọn ló so L padà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìpàdé ẹbí, ọ̀gá mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n yí gíláàsì fèrèsé wálẹ̀ pátápátá. Wọ́n ní, "Gbọ́. Ìwọ wakọ̀. Èmi ni màá máa kí wọn."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe kúrò ní Ìkìrun. Ìdajì ara ọ̀gá mi wà nínú mọ́tò, ìdajì kejì wà níta, wọ́n sì ń dá gbogbo àgbà ojú ọ̀nà lóhùn lórúkọ mi. Ọjọ́ ọjà ni ní Inísà. Àwọn ìyá tó ń pàtẹ iṣu rí L, wọ́n dìde.

"Ọmọ yín ń kí yín o!" ọ̀gá mi kígbe sí wọn. "Ẹsẹ̀ ẹ̀ ni ò ráyè!"

"Kí ló ṣe ẹsẹ̀ ẹ̀?"

"Kò lè kúnlẹ̀ ni!"

"Yéè! Arẹwà ọmọ báyìí! Olúwa á wò ó sàn o!"

N kò wo ọ̀tún, n kò wo òsì. Inú ń bí mi débi pé mo wakọ̀ dáadáa.

Nígbà tí ilé ẹbí wa ní Òkukù yọ lókèèrè, ọ̀gá mi fa ara wọn wọlé. Wọ́n ní, "Ọ̀mọ̀wé, ibi tí mo lè bá ẹ dé nìyí. Ẹlòmíràn kì í báni kí bàbá ẹni."

Ojú ọ̀nà ibẹ̀ dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ògiri ilé aládùúgbò sì sún mọ́ ọn. Àwọn ẹbí ti jókòó síta. Àbúrò mi wà níbẹ̀, oníbàárà tó fẹ́ ra mọ́tò sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti ń wo táyà láti òkèèrè. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi dìde, wọ́n fi ọ̀pá tẹlẹ̀ wá sí ẹ̀bá ọ̀nà, wọ́n sì gbé ọwọ́ sókè: "Ọmọ mi, káàbọ̀ o!"

Ẹsẹ̀ òsì mi wà lórí kílọ́ọ̀ṣì, orúnkún mi gbéra. Bí ó bá tẹ̀, inú ògiri la ó wà, oníbàárà á sì gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi níbẹ̀. Bí kò bá tẹ̀, mo kọjá lára olórí ẹbí láìkí wọn níṣojú gbogbo ènìyàn. Mo di eyín mi pọ̀, mo na ẹsẹ̀ òsì mi gbọn-in, mo tẹjú mọ́ iwájú, mo sì kọjá. Mo gbọ́ bí gbogbo ilé ṣe ké "Háà!" Mo gbọ́ ohùn àbúrò mi: "Bàbá, ẹ ò rí i? Wọn ò tiẹ̀ bojú wo yín!"

Mo rọra dúró lábẹ́ igi máńgòrò. Mo fa bíréèkì ọwọ́, mo pa ẹ́ńjìnnì, mo jáde, mo sáré padà, mo sì fi orúnkún méjèèjì lélẹ̀ nínú erùpẹ̀ pupa.

"Ẹ káàárọ̀, sà."

"O kọjá mi," ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Orúnkún tí mo fi ń kí yín náà ni mo fi ń wakọ̀. Bí mo bá kí yín níbẹ̀ yẹn, ara ògiri ni à bá ti máa kí ara wa."

Ọ̀gá mi, tí wọ́n ti dé ẹ̀yìn mi, ní, "Òótọ́ ni, bàbá. Mo jẹ́rìí sí i. Mo ti fojú rí i."

Àwọn kan bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n rìn lọ síbi tí mọ́tò wà, wọ́n ṣílẹ̀kùn iwájú, wọ́n jókòó, wọ́n sì pè mí kí n wá jókòó síbi ìwakọ̀.

"Bàbá rẹ kì í kí mi tó bá ń wa mọ́tò yìí kọjá," wọ́n ní. "Iwájú gan-an lá máa wò, bí ẹni pé n ò dúró níbẹ̀. Mo ní mọ́tò ti sọ àbúrò mi di agbéraga."

"Ṣé wọn kì í dúró ni, sà?"

"Á dúró níwájú lọ́hùn-ún. Á fẹsẹ̀ rìn padà wá dọ̀bálẹ̀." Wọ́n fọwọ́ nu ojú. "Èmi á ti wọlé."

Nígbà tí a jáde, wọ́n sọ fún oníbàárà pé kó máa lọ ní àlàáfíà.

Mo ti gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, n kò sì tíì parí ìjà mi pẹ̀lú lẹ́tà yẹn; bí mo bá rí i lára mọ́tò ọmọ ẹlẹ́ni, ó ṣì ń bí mi nínú. Mọ́tò náà ti gbó sí i. Mo máa ń wà á lọ sí Òkukù, n kì í sì í kí ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti darúgbó gan-an báyìí, ẹsẹ̀ wọn kò fi bẹ́ẹ̀ gbé wọn mọ́. Bí wọ́n bá gbọ́ ìró mọ́tò, wọn á ní kí wọ́n gbé àga àwọn sí ẹ̀bá ọ̀nà. N ó kọjá lára wọn láìwẹ̀yìn, n ó sì rí ibi dúró sí. Nígbà tí mo bá fẹsẹ̀ rìn padà dé, wọ́n ṣì wà níbẹ̀.