Kókó Kẹrin

Ẹnjiníà ni gbogbo ará ilé ń pè é, bẹ́ẹ̀ ó ti tó ọdún mẹ́jọ tó ti fọwọ́ kan sípánà kẹ́yìn. Orúkọ náà kì í ṣe irọ́. Ọdún márùn-ún ló fi kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní yunifásítì. Àwọn ọgọ́ta ni wọ́n wà ní kíláàsì, méjì péré nínú wọn ni obìnrin. Àwọn ẹbí rẹ̀ máa ń sọ fún àlejò pé òun ló gba ipò kìíní. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ipò kejì ló gbà. Obìnrin kejì ló gba ipò kìíní.

Iṣẹ́ tó ń ṣe báyìí ni kò sẹ́ni tó lè ṣàlàyé. Ìyá rẹ̀, aránṣọ tó ní ṣọ́ọ̀bù ní iwájú ilé, ti gbìyànjú títí. Àwọn oníbàárà á bi í pé, "Àkọ́bí yín ńkọ́?"

"Ó wà. Ẹnjiníà ni."

"Ẹ ṣeun! Kí ló ń tún ṣe, mọ́tò ni àbí ẹ̀rọ amúnáwá?"

"Rárá o. Ó ń bá àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá sọ̀rọ̀."

"Nípa kí ni?"

"Nípa iṣẹ́ wọn."

"Ṣé àwọn fúnra wọn ò mọ iṣẹ́ wọn ni?"

Níbẹ̀ ni ìyá á ti fi eyín gé òwú, tí á sì béèrè bóyá wọ́n fẹ́ kí apá aṣọ náà gùn dé ọrùn ọwọ́. Nígbà tí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kọṣẹ́ lọ́jọ́ kan, Ẹnjiníà ká apá aṣọ sókè, ó fẹ́ wò ó. Ìyá rẹ̀ dá a dúró. "Má yọ ara rẹ lẹ́nu, ọmọ mi. Mo ti pe alátùn-únṣe. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìmọ̀ràn, iṣẹ́ ni."

Ọ̀rọ̀ náà dun Ẹnjiníà fún ọjọ́ mẹ́ta, nítorí pé kò rí ibi tí yóò ti tún un ṣe.

Àjà kẹfà ni ọ́fíìsì wọn wà, rọ́ọ̀gì ibẹ̀ nípọn débi pé èèyàn lè rìn wọlé kó tún rìn jáde láìsí ẹni tó gbọ́ ọ. Ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ni pé wọ́n á lọ wo ilé-iṣẹ́ oníṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n á sì padà wá sọ fún olóhun bí yóò ṣe máa ṣe ohun tó ti ń ṣe láti ogún ọdún. Obìnrin mẹ́ta ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn ló kàwé sáyẹ́ǹsì. Ọ̀gá wọn ló dìídì wá wọn. Ó ní ẹni tó bá lè ṣírò bí irin ṣe ń gbóná, kò sí ohun tí kò lè ṣírò. Ìmọ̀ gidi ló wá, ó sì rí i. Lẹ́yìn náà ló pín iṣẹ́ fún wọn. Èyí tó kọ́ nípa kòkòrò àìfojúrí ń yan àwọ̀ tí wọ́n máa fi kun ojú ìwé. Onímọ̀ fisíìsì ń ya ọfà láti àpótí kan sí àpótí kejì. Ẹnjiníà ní tirẹ̀ ń ka èèyàn.

Òfin kan ṣoṣo ni ọ̀gá yìí ní, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Ọ̀gá Mẹ́ta tí kò bá sí nítòsí. Ojú ìwé kan, kókó mẹ́ta. Bí o bá mú méjì wá, á ní kí o lọ wá ẹ̀kẹta. Bí o bá mú mẹ́rin wá, á yọ bírò, á fa ilà gba orí ìkẹrin kọjá. "Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù," á wí. "Orí oníbàárà ò gba mẹ́rin." Kò sì sí ẹni tó lè bá òwe jiyàn nínú ọ́fíìsì tí a ti ń sanwó fún ọ̀rọ̀.

Ní ọdún tí à ń wí yìí, ọkùnrin kan tó ń ṣe ọṣẹ olómi ránṣẹ́ sí wọn. Bàbá Ọlọ́ṣẹ ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ọṣẹ tó ń jáde ní ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ti dín kù, kò sì mọ ohun tó fà á. Ìgbà kejì rèé tí yóò pè wọ́n. Ó ti pè wọ́n rí ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ó sì gbádùn àwọn àwòrán wọn.

Obìnrin mẹ́rìnlélógún ló ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tábìlì gígùn kan níbẹ̀. Wọ́n ń dé ìgò, wọ́n ń lẹ ìwé mọ́ ọn, wọ́n ń kó o sínú páálí. Ẹnjiníà dúró tì wọ́n pẹ̀lú aago fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó rí i pé nínú ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìṣẹ́jú mẹ́rin ni obìnrin kọ̀ọ̀kan fi ń jókòó lásán. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀gá Mẹ́ta sọ ọ́ di ojú ìwé: ìkíní, ọwọ́ ti pọ̀ jù nídìí tábìlì, ìkejì, kí méjìlá máa lọ sílé, ìkẹta, kí méjìlá tó kù máa ṣiṣẹ́ lórí ìdúró. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa gbé e lọ fún Bàbá Ọlọ́ṣẹ. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan náà ni àwọn àgbà ọ́fíìsì máa jókòó lórí ìgbéga Ẹnjiníà, èyí tó ti ń retí láti ọdún mẹ́rin.

Ní Ọjọ́rú, ó padà sídìí tábìlì láti parí kíkà náà. Obìnrin tó ń jókòó ní orí tábìlì, tí àwọn yòókù ń pè ní Alága, kọ́kọ́ rí i.

"Ẹ káàbọ̀, Àǹtí Aláago."

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà."

"Iṣẹ́ wo? Ṣebí ẹ ti kọ ọ́ pé a kì í ṣiṣẹ́."

"Mi ò kọ bẹ́ẹ̀, Mà. Mo kọ iye ìgbà tí ẹ fi ń jókòó."

"Ẹ wá kọ ohun tá a jókòó dè?"

Bírò Ẹnjiníà dúró. "Ìgò ló ń pẹ́."

"Ìgò kì í pẹ́, ìgò ò lẹ́sẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń rọ ọṣẹ sínú ẹ̀ ló ń pẹ́. Àbí èèyàn nìkan ni aago yín mọ̀ ọ́n kà ni?"

Tábìlì bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní ìsàlẹ̀ ní kí wọ́n rọra o, pé wọ́n ń kọ ẹ̀rín náà sílẹ̀.

Ẹnjiníà kò rẹ́rìn-ín. Ó rìn lọ sí ìdí ẹ̀rọ náà, ibi tí kò tíì dé láti ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí pé ẹ̀rọ kò sí nínú àwọn tí wọ́n ní kó kà. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé páìpù. Pọ́ǹpù ibẹ̀ gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, ó ń gbọ̀n, ó sì ń dún bí ọmọdé tó ń fa omi tó ti tán ní ìsàlẹ̀ ìgò. Ọdún mẹ́jọ ti kọjá, ọwọ́ rẹ̀ kò gbàgbé.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá," ó sọ fún àgbàlagbà tó ń tọ́jú ẹ̀rọ, "ẹ bá mi ṣí asẹ́ rẹ̀."

Ọkùnrin náà pa ẹ̀rọ, ó tú bóòtù mẹ́rin, ó fa asẹ́ jáde. Kò sí ihò kan tó ṣì là nínú ihò rẹ̀. Ọṣẹ ti yi mọ́ ọn bí ògiri tí wọ́n rẹ́.

"Ìgbà wo lẹ fọ̀ ọ́ kẹ́yìn?"

"Ọjọ́ Ajé."

"Kì í ṣe ojoojúmọ́ ni?"

"Ojoojúmọ́ ni tẹ́lẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ló wá lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn tí wọ́n ní ká yé fi àkókò ṣòfò. Ìwé wọn náà nìyẹn."

Ó nawọ́ sí ògiri. Ìwé kan wà níbẹ̀ nínú ọ̀rá, tí epo ti kán sí. Kókó mẹ́ta ló wà lára rẹ̀. Ìkẹta kà báyìí pé: kí ẹ máa fọ asẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ dípò ojoojúmọ́.

Ẹnjiníà mọ gbólóhùn náà bí èèyàn ṣe ń mọ ohùn ara rẹ̀. Òun ló kọ ọ́, láti ọ́fíìsì, lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Lábẹ́ rẹ̀ ló ti kọ ìkẹrin: ẹ má bẹ̀rẹ̀ èyí títí ẹ ó fi pààrọ̀ asẹ́ yìí sí èyí tó tóbi jù ú lọ ní ìlọ́po mẹ́rin. Ọ̀gá Mẹ́ta ló fa ilà gba orí rẹ̀ kọjá. Ohun tó máa ń sọ fún ara rẹ̀ nígbàkigbà tó bá rántí ni pé òun jà fún un. Kò jà. Ó ní, "Ẹ ṣé, sà, ó ti mọ́ tónítóní báyìí."

"Ṣé ẹ mọ̀ wọ́n ni?" Bàbá náà bi í.

"Mo mọ ọ̀kan nínú wọn."

"Ẹ bá mi kí i."

Wọ́n fọ asẹ́, wọ́n dá a padà, wọ́n tan ẹ̀rọ. Ìgò bẹ̀rẹ̀ sí í ya wá. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò sí obìnrin kan tó ráyè yún ara. "Àǹtí Aláago!" Alága pariwo, ọwọ́ rẹ̀ ń sáré lórí ìdérí. "Ẹ ka èyí náà o!"

Ó kà á. Òdo ni.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Ọ̀gá Mẹ́ta. Ọ̀gá náà kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó fetí sílẹ̀ dé ìparí kó tó sọ̀rọ̀.

"Ìyẹn ni pé ká lọ sọ fún oníbàárà pé òògùn tá a fún un ló dá a dùbúlẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Òògùn tí mo kọ."

"Lọ́jọ́ ìgbéga rẹ."

"Obìnrin méjìlá ló máa lọ sílé, sà, nítorí asẹ́."

Ọ̀gá fa ojú ìwé náà sọ́dọ̀. "Ó dáa, fi ti asẹ́ sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé."

"Ìsàlẹ̀ náà lẹ ti gé e lọ́jọ́sí, sà."

"Ṣebí ìkẹrin ni nígbà yẹn?" Ó ya ọ̀gá lẹ́nu tọkàntọkàn. "Ojú ìwé tí mo ti fọwọ́ sí ni kí o gbé lọ."

Ní ìrọ̀lẹ́, Ẹnjiníà jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀, ó ń to bọ́tìnnì. "Màámi, tí èèyàn bá ti gé aṣọ oníbàárà kúrú, kí ló máa ń ṣe?"

"Á sọ fún un kó tó wọ̀ ọ́," ni ìyá rẹ̀ wí, láì gbójú sókè. "Tó bá ti wọ̀ ọ́ jáde, àárín ìta ni oníbàárà yóò ti wá bá a sọ ọ́. Ta lo gé aṣọ ẹ̀ kúrú?"

"Kò sí."

"Hẹn-ẹn. To èyí tó dúdú sọ́tọ̀."

Ní ọjọ́ Ẹtì, Bàbá Ọlọ́ṣẹ jókòó sí iwájú, Ọ̀gá Mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹnjiníà tan àwòrán sára ògiri. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló wà lójú ìwé náà: Asẹ́ yín ti dí.

Ọ̀gá Mẹ́ta wo ògiri, ó wo àjà.

"Ìkíní nìyẹn," Bàbá Ọlọ́ṣẹ wí. Ó ti mọ àṣà wọn. "Ìkejì ńkọ́?"

"Ẹ fọ̀ ọ́, sà."

"Ìkẹta?"

"Ẹ tún fọ̀ ọ́ lọ́la."

Bàbá Ọlọ́ṣẹ fi ìka kan tábìlì. "Wọ́n sọ fún mi nígbà kan pé kí n má fọ̀ ọ́ mọ́. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ni, sà." Ó sọ ti kókó kẹrin fún un, kò dárúkọ bírò tó gé e. Ó sọ ti ìjẹta, ìgò tó ya wá, òdo tó kà. "Ẹ ò nílò láti lé ẹnì kankan. Ẹ lè nílò láti gba méjì sí i."

Bàbá Ọlọ́ṣẹ gbọ́ ọ tán. Ó wá yíjú sí Ọ̀gá Mẹ́ta. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà?"

"Ìwádìí jinlẹ̀, sà," Ọ̀gá Mẹ́ta wí.

"Kò burú. Àwọn obìnrin mi á dúró." Ó dìde, ó tún jókòó. "Ṣùgbọ́n ẹ bá mi kọ ọ́ dáadáa. Tí mo bá kàn sọ fún àwọn mánéjà mi pé kí wọ́n lọ fọ asẹ́, wọn ò ní gbà á. Ẹ fi àwòrán sí i."

Báyìí ni fífọ asẹ́ ṣe di ogójì ojú ìwé. Onímọ̀ fisíìsì ya ọfà láti ara asẹ́ sí ara omi. Onímọ̀ kòkòrò yan àwọ̀ ewé. Àwọn àgbà ọ́fíìsì jókòó lọ́sàn-án bí wọ́n ṣe ṣètò, wọ́n yin Ẹnjiníà gidigidi, wọ́n sì sún ìgbéga rẹ̀ sí ọdún tó ń bọ̀, nítorí pé kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń fẹ ọ̀rọ̀ lójú. Ọ̀gá Mẹ́ta náà rí ẹ̀kọ́ kọ́. Ó ń sọ fún àwọn tuntun báyìí pé mẹ́ta ti pọ̀ jù: ojú ìwé kan, kókó kan.

Ìyá rẹ̀ gbọ́ ìtàn náà délẹ̀. "Asẹ́," ó wí. "Ọdún márùn-ún ní yunifásítì." Ṣùgbọ́n nígbà tí oníbàárà tún bi í léèrè, kò gé òwú mọ́. "Ó máa ń sọ fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá pé kí wọ́n lọ fọ nǹkan," ó wí, oníbàárà sì mi orí, pé irú wọn ṣọ̀wọ́n.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Ẹnjiníà gbé ìwé tuntun lọ sí ìdí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Kókó mẹ́ta ni ọ́fíìsì tẹ̀ sí i. Òfin tuntun kò tíì délẹ̀ nígbà náà. Ó gbé e lé tábìlì àwọn obìnrin mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlélógún, ó yọ bírò, ó fi ọwọ́ kọ ọ̀kan sí i nísàlẹ̀: bí ìgò bá ń pẹ́, ẹ bi àwọn tó ń dé e léèrè.

Alága kà á láì dáwọ́ iṣẹ́ dúró. "Èyí tí ẹ fọwọ́ kọ yìí, ṣé wọn ò ní gé e?"

"Wọ́n lè gé e."

Alága kó ìdérí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ẹni tó tẹ̀ lé e. Ó mú ìwé náà àti tépù tí wọ́n fi ń di páálí, ó rìn lọ síbi ògiri, ó sì lẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́ ògiri pinpin kó tó lẹ òkè.