Àgbò Gba Iná Mi

Tonton mi yọ iná LED abẹ́ fọ́tò mi, ó fi sábẹ́ fọ́tò àgbò rẹ̀.

Alùpùpù ni Tonton, àbúrò ìyá mi, ń tún ṣe ní Tchaourou. Ó fi pákó kan férémù fún fọ́tò ẹbí, ó sì fi iná kéékèèké sábẹ́ fọ́tò ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bó bá kírun àsùbá tán, á tàn wọ́n, á máa kí wa lórúkọ. Ẹni tó bá pẹ́ kó tó wá kí i, iná rẹ̀ á ṣí lọ.

Mo ti Parakou wá, mo bèèrè ẹ̀ṣẹ̀ mi lọ́wọ́ rẹ̀.

“Àgbò ń kí mi láràárọ̀. Ìwọ ńkọ́?”

Tata, ìyàwó rẹ̀, ní, “Bẹ́ẹ̀ àgbò ò ní fóònù o.”

Mo gbà. Ṣùgbọ́n a ti pa àgbò náà jẹ lọ́dún Iléyá. Tonton, Tata, ẹ dá mi lóhùn: ta ló ń kí yín láàárọ̀ báyìí, tí iná mi ò fi tíì padà?