Ìbínú Ọ̀gá Akóredé

Ọjọ́ tí wọ́n fa ṣòkòtò Ọ̀gá Akóredé ya nínú báǹkì wa ní Trans-Amadi, iṣẹ́ ló ń kọ́ni lọ́wọ́! Olóògbé yìí ló ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tuntun, kò sì gbà pé ìwé lásán lè kọ́ ènìyàn bí a ṣe ń dá oníbàárà tó ń bínú lóhùn. Á dé fìlà, á wọ awò dúdú, á ya wọlé bí oníbàárà: "Since morning I dey line! Una dey craze?"

Wọ́n ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, àmọ́ èyí tí Bọ́sẹ̀dé kó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ ti pọ̀ jù. Bí àgbàlagbà bá ti jágbe báyìí, ọmọ náà á kúnlẹ̀ lẹ́yìn káńtà, oníbàárà ò sì ní rí ẹnì kankan mọ́. Máníjà ti sọ ọ́ láìfi bò: bó bá tún kúnlẹ̀ nígbà tí Ọ̀gá bá wá dán an wò lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, kó gba ilé lọ. Ẹ̀rù ń ba Bọ́sẹ̀dé, nítorí òun ló ń gbọ́ bùkátà ìyá rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì pé, Ọ̀gá dé, ó jágbe. Bọ́sẹ̀dé kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú!"

Ọ̀gá fi ikùn lé káńtà, ó ń wá a. "Dìde, ọmọ yìí, máníjà ń wò ẹ́!" ló ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, á tún wá kígbe, "Nonsense bank!" Ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò nílẹ̀.

Solomon, gáàdì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kò mọ̀ ọ́n rí. "Thief!" Ó gbá a ní ṣòkòtò mú. Fàà! Aṣọ ya.

"Ọ̀gá, ẹ sọ fún un pé ẹ̀yin ni!" la ń pariwo.

Olóríkunkun ọkùnrin! "I be customer! Nobody dey answer me!"

Ni Bọ́sẹ̀dé bá fò dìde. "Solomon, leave am! Na our customer!" Ó wá kọjú sí Ọ̀gá, ara rẹ̀ balẹ̀: "Oga, abeg sit down. Wetin happen? I dey hear you."

Máníjà pàtẹ́wọ́. Bọ́sẹ̀dé ò pàdánù iṣẹ́ rẹ̀.

Ọ̀gá fi fìlà bo ìdí, ó rọra bi í pé, "Ṣé ohùn mi ò le jù, ọmọ mi? Ṣé o ti jẹun?" Ló bá ra bọ̀ọ̀lì àti ẹja fún gbogbo wa.

Ó kú lọ́dún tó kọjá, ó sì dùn wá gan-an. Bọ́sẹ̀dé ló ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tuntun báyìí. Àwọn oníbàárà ṣì ń jágbe mọ́ wa lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó ń béèrè bóyá a ti jẹun.