Ìgbà tí Kọ̀ǹténà Mi Ń Bá Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé Sọ̀rọ̀

Kò tíì pé oṣù kan tí mo dé ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Òkè-Ìlá, níbi tí a ti ń ṣe ètò èsì ìdánwò fún àwọn ilé-ìwé, tí mo fi fọ́nnu fún ọ̀gá wa pé n ó so kọ̀ǹpútà tuntun mẹ́ta pọ̀ kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ bí ẹyọ kan. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni ọ̀gá. Kò mọ kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ó mọ afọ́nnu tó bá rí i. Ó wò mí, ó ní ó dáa.

Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àpótí tirẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, òun là ń pè ní kọ̀ǹténà. Ó ku kí àwọn kọ̀ǹténà yìí máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti kọ̀ǹpútà kan sí èkejì. Mo fún wọn ní nọ́ńbà bíi nọ́ńbà ojúlé, mo kọ ọ́ sára pátákó, mo tan gbogbo rẹ̀. Wọ́n dákẹ́ síra wọn bí orogún.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé akọ̀wé wa ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó ń pọ bébà jáde, ìlà mélòó kan péré lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, Gẹ̀ẹ́sì tí kò lórí tí kò nídìí. Ọ̀gá ní ká gbàdúrà. Mo ti di ojú. Akọ̀wé fúnra rẹ̀, màmá kan ará Ìgèdè, Àládùúrà paraku, ló ní ká jẹ́ kí òun kọ́kọ́ ka bébà náà.

Ó bi mí pé, “Ta ló ni nọ́ńbà orí bébà yìí?”

Mo ní kọ̀ǹténà mi kan ni.

Ó yí ẹ̀yìn ẹ̀rọ rẹ̀ sí mi. Nọ́ńbà yẹn gan-an ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. “Ulé ẹlòmíràn lo pín,” ló wí. “O ò sì bi ẹnikẹ́ni.”

Gbogbo iṣẹ́ tí mo ń rán sí kọ̀ǹténà, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló ń gbà á, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ tọkàntọkàn. Ojú tì mí. Mo pa nọ́ńbà wọ̀nyẹn rẹ́, mo yan òmíràn tí a ò lò ní ọ́fíìsì. Kó tó di ọ̀sán, àwọn kọ̀ǹténà ti ń tàkúrọ̀sọ.

Ọ̀gá ra ìwé kan fún àkọsílẹ̀ nọ́ńbà. Màmá ló gbé e fún. Bí mo bá fẹ́ nọ́ńbà tuntun báyìí, mo ní láti lọ kúnlẹ̀ tọrọ. Ó ti kọ̀ fún mi lẹ́ẹ̀mejì.