Oyin Orí Wàláà

Ìdájí ni mo kúrò ní Ṣábẹ, ìkùukùu bo àwọn òkè wa dé ọrùn. Kọ́kọ́rọ́ ilé kéwú bàbá wa wà lápò mi. Látìgbà tí bàbá ti kú ni a ti tì í pa. Sùlé, àbúrò mi, sìn mí dé ibùdókọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, tẹ́ ẹ bá dé, ẹ jẹ́ ká já a síbì kan. Ẹni tó fẹ́ gba ilé kéwú náà láti kó sìmẹ́ńtì sí ò ní dúró dè wá títí."

Èmi ni àkọ́bí, ẹnu mi ni wọ́n ń wò. Mo ní kó jẹ́ kí n lọ kí sàréè wálì, ẹni Ọlọ́run, ní Fẹ́sì ná. Ká sòótọ́, mò ń sá fún ọ̀rọ̀ náà ni.

Takisí gbé mi dé Kútọnu, ọkọ̀ òfuurufú gbé mi dé Mòrókò, rélùwéè gbé mi sí Fẹ́sì. Àárẹ̀ ọ̀nà sọ ohun gbogbo dàlá lójú mi. Mọ́tò kì í wọ ìlú àtijọ́ Fẹ́sì. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló ń kó ẹrù gba ojú ọ̀nà tóóró. Ife tíì kan níbẹ̀ tó owó àwo iyán ẹlẹ́ran nílé.

Lẹ́yìn tí mo kí sàréè tán, ẹsẹ̀ mi kàn ń gbé mi lọ ni. Ó gbé mi dé Mẹ́là, àdúgbò àwọn Júù láyé àtijọ́. Obìnrin àgbà kan ń gbálẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn aláwọ̀ aró kan. Làálà ni wọ́n ń pè é, bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún ìyá nìyẹn. Faransé la jọ sọ.

"Ilé kéwú àwọn Júù ni," ó ní. "Ó ti wà kí wọ́n tó bí ìyá ìyá mi. Méjì méjì ni àwọn ọmọ ń jókòó, wọ́n á máa bára wọn jiyàn lórí ìwé, ariwo wọn á gba àdúgbò. Nígbà tó yá, wọ́n ṣí lọ díẹ̀díẹ̀, àwọn kan sí Ísírẹ́lì, àwọn kan sí Faransé. Olùkọ́ tó kẹ́yìn fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún ìyá mi. Mùsùlùmí ni wá, ṣùgbọ́n òun ló ń ta oyin fún wọn."

Mo bi í pé oyin kí ni. Ó ní lọ́jọ́ tí ọmọ bá kọ́kọ́ wọlé, olùkọ́ á kán oyin sórí lẹ́tà, ọmọ á lá a, kó lè mọ̀ pé ìmọ̀ dùn. Mo rántí omi tàdáwà, yíǹkì kéwú, tí àwa ń fọ̀ kúrò lára wàláà, pátákó ìkọ̀wé wa, tí a sì ń mu. Tiwa korò.

"Kò sọ́mọ mọ́, Làálà. Ta lẹ ń gbálẹ̀ fún?"

"Bí mo bá tì í, ilé lásán ni. Bí mo bá ń gbá a, ilé ẹ̀kọ́ ni."

Mo fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ tó wà lápò mi. Àárò bàbá mi sọ mí gan-an.

Ọ̀sán ni mo padà wọ Ṣábẹ. N kò tíì délé tí mo ti ra oyin lọ́wọ́ ará Boni kan lágbègbè wa, mo ṣí ilé kéwú, mo gbá a. Nígbà tí Sùlé mú oní-sìmẹ́ńtì dé, mo ti kọ álífù, lẹ́tà àkọ́kọ́, sórí wàláà bàbá, mo ti kán oyin sí i.

"Lá a," mo ní.

"Ẹ̀gbọ́n, àlejò ń wò wá."

"Lá a, Sùlé."

Ó fìka kàn án, ó fi sẹ́nu. Ó wá lọ jókòó sídìí ògiri, níbi tó máa ń jókòó sí nígbà tó wà lọ́mọdé.

"Bàbá ò foyin sí tiwa," ó ní. "Pàṣán ni."

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Sùlé nu ojú, ó yíjú sí oní-sìmẹ́ńtì.

"Ẹ má bínú, ọ̀gá," ó ní. "Ilé ẹ̀kọ́ nibí."