Irin Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Mi

Ọkọ̀ ńlá tí mo rà lẹ́yìn yunifásítì, tí mo fi gbé ìyàwó mi, tó ti di olóògbé báyìí, wálé lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, ni ọmọ wa fẹ́ máa fi sá eré ìje. Ó wà á lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì ní Sakété, èmi náà bá a lọ. Ọmọ náà ní:

“Bàbá, irin ẹ̀yìn tó so táyà méjèèjì pọ̀ yìí ti gbó. Kò lè gba agbára ẹ́ńjìnnì tuntun tí mo fẹ́ fi sí i.”

“Èmi náà ti gbó. Ṣé wàá pààrọ̀ èmi náà ni?”

Ó rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi irin ọkọ̀ akẹ́rù rọ́pò rẹ̀, ó sì wa ọkọ̀ mi lọ sí Kutọnu. Kò tíì padà wá.

Bí wọ́n ti máa ń ṣe níbí, wọ́n fi irin àtijọ́ náà kan kẹ̀kẹ́ ẹrù tí alùpùpù ń fà. Lọ́jọ́ ọjà, ó máa ń gba iwájú ilé mi ní Pobè kọjá, ẹ̀gẹ́ kún inú rẹ̀ dẹ́nu. Irin náà kò tíì tẹ̀.